Lẹ́yìn Tí Iná Bá Kú: Bí A Ṣe Ń Tún Ilé Tó Jó Ṣe Kí Òjò Tó Ká A Mọ́

Ní ilẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà títí dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, ìgbà ọyẹ́ ni ọ̀rọ̀ iná máa ń le jù. Koríko ti gbẹ, atẹ́gùn ń fẹ́, ẹnì kan ń sun oko tó fẹ́ kọ ebè sí, iná bá fò wọ àárín ilé. Bí ilé bá jó nínú oṣù kìíní ọdún, oṣù méjì sí mẹ́ta péré ló kù kí òjò àkọ́rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ jó kì í sábà ro ti òjò yẹn, ohun tó ṣòfò ló gbà á lọ́kàn.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, púpọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ wa, amọ̀ ni ògiri wọn, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lójú. Iná kì í sábà wó ògiri amọ̀. Ó lè jó òrùlé, ilẹ̀kùn, fèrèsé àti gbogbo ẹrù inú ilé, kí ògiri ṣì dúró gbọin. Òjò ni yóò wó o nígbà tí kò bá sí páànù lórí rẹ̀ mọ́. Omi kan náà ló ń ba inú ilé jẹ́ bí a bá tètè lò ó: ẹni tó bá da omi sára ògiri tí èéfín ti sọ di dúdú kó tó gbọ̀n ọ́n, ó ti rin dúdú náà wọnú ògiri nìyẹn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ omi ni màá máa padà sí: ìgbà tó yẹ kó kan ilé yín, àti ìgbà tí kò yẹ.

Àwọn èèyàn á wá kí yín kú ewu iná. Wọ́n á ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló ń bá ọba kọ́lé. Ẹ̀yin ní láti mọ èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe.

Ẹ má tíì wọlé

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Igi òrùlé, fóòmù, àpò àgbàdo àti àpò ẹ̀wà lè máa jó lábẹ́lẹ̀ nínú eérú fún odidi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ẹ kò rí ọwọ́ iná mọ́. Ẹ fi ọkọ́ tàbí ṣọ́bìrì tú òkìtì kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ na ẹ̀yìn ọwọ́ sí i láì fọwọ́ kàn án. Bí ooru bá ń jáde, ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ wọ́n omi sí. Kí ẹnì kan ṣọ́ ilé náà ní alẹ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú omi nítòsí. Bí iná bá tún sọ, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, ọ̀fẹ́ ni ẹ ó sì pè é.

Kí àwọn òṣìṣẹ́ iná mànàmáná wá gé iná lórí òpó kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Pípa mítà nìkan kò tó, nítorí wáyà tó wọ ilé láti òpó lè ti bó. Ẹni tó bá ní sólà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí oòrùn bá ti wà lójú ọ̀run, páńẹ́ẹ̀lì orí òrùlé ṣì ń mú iná wá, kódà bó ti fọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà fi aṣọ tó nípọn tàbí tapólì bò ó kó tó tú u. Bátìrì tí ooru bá ti wú, ìta gbangba ni kó wà, jìnnà sí ilé, torí ó lè tún gbiná. Sílíńdà gáàsì tí iná rà á kò ṣe é rọ gáàsì sí mọ́, bó ti wù kí ara rẹ̀ dán tó.

Ẹ wọ bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, aṣọ alápá gígùn, ìbọ̀wọ́ àti ìbomú gidi, irú èyí tí wọ́n ń pè ní N95. Aṣọ ìnuwọ́ tí a so mọ́ imú kò lè dá eérú tó kúnná dúró. Kí àwọn ọmọdé, aláboyún àti ẹni tó ní ikọ́ fée má sún mọ́ ibẹ̀ rárá. Ìṣó ló ń ṣe èèyàn léṣe jù nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá gún, kó lọ gba abẹ́rẹ́ ajẹsára ìpá (tẹ́tánọ́ọ̀sì) lọ́jọ́ náà gan-an, kó má dúró de ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wú.

Ohun kan tún wà tí ó kan àwa ará ibí ju ẹlòmíràn lọ. Àsìkò iná àti àsìkò kajú jọ máa ń pàdé ni, inú yàrá sì ni púpọ̀ wa ń kó àpò kajú sí títí oníbàárà á fi dé. Èèpo kajú ní òróró dúdú tó ń bó ara. Bí ó bá jó, òróró náà á yọ́ sílẹ̀ yàrá, á lẹ̀ mọ́ ògiri, èéfín rẹ̀ pàápàá á máa ta ojú àti ara. Bí ẹ bá rí ohun dúdú tó ń dán bí ọ̀dà níbi tí àpò kajú wà, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ tàbí eruku igi lé e, ẹ jẹ́ kó fà á mu, kí ẹ tó fi ṣọ́bìrì há a.

Fọ́tò àti ìwé, kí ẹ tó gbé nǹkan kan

Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi fóònù ya fídíò gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ kọ ohun tó jóná sílẹ̀ ní yàrá-yàrá. Bí ayálégbé bá wà nínú ilé náà, kí òun àti onílé jọ kọ ti wọn, kí wọ́n jọ fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ní adójútòfò (inṣọ́ránsì), kó ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà kó tó palẹ̀ mọ́.

Ẹ lọ fi tó ọlọ́pàá létí, kí ẹ gba ìwé rẹ̀, kí ẹ sì búra ní kóòtù lórí àwọn ìwé tó jóná. Ìwé méjèèjì yìí ni wọn ó máa bi yín ní ibi gbogbo. Síìmù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà padà, nítorí òun ni báńkì fi ń dá yín mọ̀. Nọ́ńbà NIN yín ni wọ́n ó béèrè. Ìwé ẹ̀rí WAEC tún ṣe é gbà lọ́wọ́ wọn. Bí ìwé ilẹ̀ bá jóná, ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Lọ́kọ́ja ni ẹ ó ti béèrè ẹ̀dà. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí tí kò níwèé, ẹ pe àwọn àgbà àti àwọn tí ẹ jọ pààlà, kí ẹ jọ rìn ín yí ká nígbà tí gbogbo èèyàn ṣì ń ṣe yín láàánú. Ẹ̀yìn tí ilé bá ti wó tán ni ìjà ààlà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìwé tó tutù, ẹ má ya á níkọ̀ọ̀kan. Ẹ tò ó sáàárín bébà funfun níbi òjìji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí ẹ máa pààrọ̀ bébà náà. Owó tó jó lápá kan ńkọ́? Ẹ má gbìyànjú láti tú u. Ẹ gbé ìdì náà bó ṣe wà sínú páálí pẹlẹbẹ, kí ẹ gbé e lọ sí báńkì, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Àbújá àti Èkó á pè, wọ́n á béèrè ohun tí wọ́n lè ṣe. Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wọn: tapólì, páànù, ìṣó, pákó, owó káfíńtà. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, àpò aṣọ àlòkù ni yóò dé, ẹ kò sì ní ibi tí ẹ ó kó o sí.

Kí ló ṣì dúró, kí ló kàn ń díbọ́n pé òun dúró?

Ẹ pe bíríkìlà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ amọ̀, kì í ṣe ẹni tó mọ búlọ́ọ̀kù nìkan. Kó fi okùn ìwọ̀n wo bóyá ògiri ti fì. Kó wá fi ìdí òòlù máa kan ojú ògiri díẹ̀díẹ̀. Amọ̀ àti sìmẹ́ńtì kì í gba ooru bákan náà, nítorí náà sìmẹ́ńtì ojú ògiri á ti bó kúrò lára amọ̀ láì tíì jábọ́. Ibi tó bá ń dún gbùngbùn bí ilé òfìfo, inú rẹ̀ ti ṣí nìyẹn. Ẹ há a dànù kó má baà já lé èèyàn lórí. Ibi tó bá dún kíkan, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ rọra fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ ògiri pẹ̀lú. Bí omi tí wọ́n fi pa iná bá ti rin ín tí ó ń rọ̀, ẹ má fi àkàbà tì í, kò sì gbọdọ̀ ru igi òrùlé títí yóò fi gbẹ.

Ibi tí ògiri bá ti là láti òkè délẹ̀, tí ìka ń wọ̀ ọ́, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kọjá lórí rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ oṣù sí i. Bí ìlà náà bá yẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ògiri yẹn ṣì ń rìn. Wíwó ló tọ́ sí i.

Igi àtẹ́rígbà lókè ilẹ̀kùn àti fèrèsé ni àwọn èèyàn máa ń tètè sọ nù láì nídìí. Igi kì í jó tán lẹ́ẹ̀kan. Ìta rẹ̀ ló ń di èédú, nǹkan bí 0.7 mm ní ìṣẹ́jú kan, igi líle kì í sì í tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àdá há èédú náà títí ẹ ó fi kan igi tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì mọ́. Ìrókò tó nípọn tí iná jẹ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà méjì lè ṣì ru ògiri orí rẹ̀. Èyí tó bá ti tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ àtijọ́ lọ, ẹ fi igi mìíràn gbé ògiri náà dúró kí ẹ tó yọ ọ́.

Ilé búlọ́ọ̀kù àti dẹ́kìn le jù bẹ́ẹ̀ lọ láti mọ̀. Bí ooru kọnkéré bá ti kọjá nǹkan bí 300°C, agbára rẹ̀ ti ń dínkù, ó sì sábà máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Nígbà tí irin inú rẹ̀ bá gbóná dé nǹkan bí 600°C, ìdajì agbára rẹ̀ ti lọ, ìdí nìyẹn tí dẹ́kìn fi ń tẹ̀ sílẹ̀ láàárín. Ẹ wo àwọn ẹrù inú yàrá náà, wọ́n á sọ bí ó ti gbóná tó. Alumíníọ̀mù máa ń yọ́ ní 660°C. Bí ìkòkò alumíníọ̀mù tó wà lórí tábìlì bá ti yọ́ di àkàrà sílẹ̀, dẹ́kìn tó wà lókè rẹ̀ ti rí ìyà. Ẹnjiníà ni kó wò ó, kì í ṣe bíríkìlà, kí ẹnikẹ́ni má sì gun orí rẹ̀ kí ó tó dé.

Ẹ bo orí ògiri

Iṣẹ́ yìí ṣáájú gbígbá, ó ṣáájú fífọ̀, ó sì ṣáájú wíwá owó páànù tuntun. Ẹ kó igi tó jó kúrò lórí ògiri, ẹ gbá amọ̀ tó ti tú kúrò. Ẹ tẹ́ tapólì sórí ògiri gbọọrọ, kó rọ̀ sílẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ kan lápá inú àti lápá òde, kí ẹ wá fi páànù tó jó lé e, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù tẹ̀ ẹ́. Ibi tí páànù tó jó ti wúlò nìyí. Ooru á ti jẹ zinc tó wà lára rẹ̀, nítorí ní nǹkan bí 420°C ni zinc ń yọ́. Ojú rẹ̀ á di funfun bàìbàì, ìpẹtà á sì bò ó kí òjò ọdún kan tó lọ. Ẹ má tún fi kan òrùlé gidi, bí káfíńtà bá tilẹ̀ ní òun lè fi òòlù nà án tọ́.

Ẹ má fi ọ̀rá wé gbogbo ògiri láti òkè délẹ̀. Omi tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde, ọyẹ́ tó bá iná wá náà ni yóò gbẹ ẹ́. Ẹ gbẹ́ gọ́tà kékeré yí ilé ká kí àgbàrá má baà dúró ní ìpìlẹ̀, kí ẹ sì gbé eérú àti àlàpà kúrò ní ẹsẹ̀ ògiri nínú ilé, torí eérú máa ń di omi mú.

Pípalẹ̀ mọ́

Ìdọ̀tí ilé tó jó kì í ṣe eérú ààrò. Ike, bátìrì, wáyà àti fóòmù ló jó mọ́ ọn, nítorí náà ẹ má dà á sí oko gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀, ẹ má sì dà á sí odò. Ẹ bo kànga kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí eérú bá ti já sínú rẹ̀, ẹ fà á gbẹ kí ẹ tó tún mu nínú rẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo wà tí omi gbọ́dọ̀ ṣáájú: àjà asibẹ́ẹ̀sì. Púpọ̀ nínú àwọn ilé tí wọ́n kọ́ láyé àwọn bàbá wa ló ní in. Bí iná bá mú un, á bẹ́ wẹ́wẹ́, eruku rẹ̀ tí ojú kò rí ni ó sì ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má gbá a ní gbígbẹ, ẹ má fọ́ ọ sí i. Ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sínú omi, kí ẹ wọ́n ọn sórí rẹ̀ títí yóò fi tutù, kí ẹ wọ ìbomú, kí ẹ ṣà á sínú ọ̀rá tó nípọn ní ìlọ́po méjì, kí ẹ dì í lẹ́nu, kí ẹ sì rì í jìn sínú ilẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní gbẹ́.

Dúdú èéfín: gbígbẹ ló ṣáájú tútù

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà lára ògiri yín. Ẹ fi ìka fà á. Bó bá gbọ̀n dànù bí eruku, igi àti koríko ló jó. Bó bá fà bí girísì, ike tàbí fóòmù ni, ó sì ní kẹ́míkà tó ń jẹ irin. Ẹ tètè nu ìkọ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ ìránṣọ àti irinṣẹ́ yín gbẹ, kí ẹ fi òróró díẹ̀ pa á lára, ká tó máa sọ ti ògiri.

Láti òkè wá sílẹ̀ ni kí ẹ ti máa gbọ̀n dúdú gbígbẹ kúrò, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀, ní ìrọ̀rùn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gé fóòmù tuntun tó gbẹ sí wẹ́wẹ́, kí ẹ máa fi nù ún ní ọ̀nà kan ṣoṣo láì fi í yí po. Bí ojú kan bá dúdú, ẹ yí i padà. Ìgbà tí fóòmù kò bá rí nǹkan mú mọ́ ni ọṣẹ kàn.

Ọṣẹ ìfọṣọ nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tó fún ọ̀pọ̀ ògiri. Fún èyí tó fà bí girísì, omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú lágbára gan-an, ṣùgbọ́n ó ń bó ọwọ́, ó ń jẹ ọ̀dà, ó sì ń jẹ alumíníọ̀mù, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má fi kan fèrèsé. Ní ti fífọ̀ yìí, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni. Omi ìdọ̀tí tó bá ṣàn sórí ògiri gbígbẹ á fa ìlà tí kì í lọ bọ̀rọ̀, àmọ́ bó bá ṣàn sórí ibi tó ti tutù, ẹ ó nù ún kúrò wẹ́rẹ́. Ẹ fún aṣọ tí ẹ fi ń fọ̀ ọ́ dáadáa; ògiri amọ̀ ló wà lábẹ́ sìmẹ́ńtì yẹn. Ibi tí amọ̀ wà lásán kò gba omi rárá: ẹ há ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ fi amọ̀ tuntun pa á.

Ẹ má da Hypo pọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ lè pa èèyàn nínú yàrá tí kò ní fèrèsé.

Aṣọ, oúnjẹ àti ẹrù

Aṣọ ni ọwọ́ máa ń yá sí jù láti rì sínú omi. Ẹ gbọ̀n ọ́n lóde ná, kí ẹ sá a sínú atẹ́gùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí ẹ tó rẹ ẹ́ sínú ọṣẹ. Ẹ má lọ̀ ọ́ títí òórùn yóò fi kúrò, torí ooru áyọ́ọ̀nù á dì í mọ́ aṣọ. Aṣọ òkè àti aṣọ ipò pupa tí àwọn ará Bùnú ní ilẹ̀ Òkun fi ń sin àgbà, èyí tó ti pẹ́ nínú àpótí ẹbí, kò gbọdọ̀ rí omi nílé: àwọ̀ rẹ̀ lè ṣí. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì apẹ̀fọn bò ó, kí ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n láti orí nẹ́ẹ̀tì náà kí òwú má baà já, kí ẹ sì fi sí òjìji.

Fóòmù ibùsùn, ẹ sọ ọ́ nù. Gàrí, èlùbọ́ àti epo inú kẹ́ẹ̀gì tí èéfín tàbí ooru bá kàn, kò ṣe é jẹ mọ́, oògùn náà bẹ́ẹ̀. Agolo tí ooru iná kò dé, tí kò wú, tí kò sì dúdú, ṣe é lò lẹ́yìn fífọ̀. Iṣu tí ooru ti sè lápá kan á rà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tó le, tí ara rẹ̀ kò bó, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún gbígbìn. Tẹlifíṣọ̀n àti firíìjì tó dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan, ẹ má tàn án wò. Kí oníṣẹ́ tú u, kó gbọ̀n dúdú èéfín inú rẹ̀ kúrò, kó tó rí iná.

Òrùlé, iná mànàmáná, ọ̀dà

Òrùlé ló kàn, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ orí yàrá méjì péré ni owó ká. Ẹ fi ìdákọ̀ró irin de igi orí ògiri mọ́ inú ògiri, torí ìjì tó ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ máa ń wá òrùlé tuntun. Omi òjò àkọ́kọ́ tó bá kọjá lórí páànù náà, ẹ jẹ́ kó ṣàn lọ, ẹ má gbe sínú táǹkì.

Wáyà gbogbo yàrá tí iná dé, ẹ yọ ọ́ pátápátá, ti yàrá tí ooru nìkan dé náà. Rọ́bà ara rẹ̀ á ti gan, á máa fọ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́.

Ẹ má tètè rẹ́ ògiri. Ẹ so ọ̀rá funfun kan mọ́ ojú ògiri lálẹ́, kí ẹ lẹ etí rẹ̀ pa. Bí ìrì bá wà lábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, omi ṣì wà nínú ògiri. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ fi ìṣó kan nẹ́ẹ̀tì adìyẹ mọ́ amọ̀ kí sìmẹ́ńtì lè rí nǹkan dì mú.

Ní ti ọ̀dà, ọ̀dà olómi nìkan kò lè bo dúdú èéfín. Á dára lójú lọ́jọ́ tí ẹ kùn ún, ṣùgbọ́n àwọ̀ ilẹ̀ bí tíì á tún jáde láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lórí ògiri tí ẹ ti fọ̀, tó sì ti gbẹ, ẹ kọ́kọ́ kun ọ̀dà elépo funfun lẹ́ẹ̀kan lápá inú níbi tó ti dúdú, kí ẹ tó kun ọ̀dà olómi lé e. Lápá òde, ọ̀dà olómi nìkan ni, kí ògiri lè máa mí.

Kí ẹ tó kó wọlé, kí oníná fi ẹ̀rọ rẹ̀ yẹ wáyà yàrá kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ iná tó so wáyà padà mọ́ òpó. Bí òórùn èéfín bá ṣì ń jáde lọ́sàn-án nígbà tí páànù bá gbóná, ẹ wo ẹ̀yìn àjà àti ihò tí igi òrùlé àtijọ́ wọ̀ nínú ògiri. Èédú tí wọn kò há máa ń wà níbẹ̀.